Kí ló yẹ kí n kọ sílẹ̀ fún ẹni tó máa bá mi wo ọmọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ọmọ méjì ni mo bí, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 4, ó ní ásímà, àbúrò ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 8. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọbìnrin kan á máa bá wa wò wọ́n nírọ̀lẹ́ tí èmi àti bàbá wọn bá wà níbi iṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni àmọ́ kò tíì bímọ rí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kò ní mọ èyí tó máa ṣe. Mo ti kọ nǹkan sílẹ̀ fún un, ó ti di ojú ewé 4, ọkọ mi ní ó ti pọ̀ jù. Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀ gan-an?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Òótọ́ ni bàbá wọn sọ. Ojú ewé 4, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ló lè kà á, ẹni tí ọmọ ọlọ́mọ ń mí hẹlẹhẹlẹ níwájú ẹ̀ tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n ò ní ráyè máa ṣí ìwé. Ojú ewé kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ṣe, kẹ́ ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́. Àsìkò ìwẹ̀, aṣọ tó fi ń sùn, ohun ìṣeré tó fẹ́ràn, gbogbo ẹ̀ ló dáa, àmọ́ inú ìwé míì ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.

Lókè pátápátá, kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́ báyìí: TÍ ỌMỌ Ò BÁ LÈ MÍ DÁADÁA, TÓ O PÈ É TÍ Ò DÁHÙN, TÍ GÌRÌ GBÉ E, TÍ Ẹ̀JẸ̀ Ò DÁ, PE PÀJÁWÌRÌ KÓ O TÓ PÈ WÁ. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ìyá ọmọ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń báni wo ọmọ kọ́kọ́ máa ń pè, ìyá wà ní mítíìnì, fóònù ń dún kò gbé e, wọ́n á tún pè, wọ́n á pe bàbá, ìṣẹ́jú ń lọ. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́n o, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé wọ́n á bá wọn wí pé wọ́n pe áńbúláǹsì lórí nǹkan kékeré. Torí náà ẹ fẹnu ara yín sọ fún un, kí bàbá wọn náà wà níbẹ̀, pé tó bá pè tó wá di pé ọ̀rọ̀ náà ò le tó bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní bínú sí i. Nọ́ḿbà yẹn yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, 911 ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 999 ni ti UK, 112 ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú European Union. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ níbi tẹ́ ẹ wà ni kẹ́ ẹ kọ, tó bá sì jẹ́ ibi tí áńbúláǹsì máa ń pẹ́ kó tó dé ni, ẹ kọ nọ́ḿbà ẹni tó ní mọ́tò nítòsí àti ọsibítù tó máa ń ṣí mọ́jú.

Àdírẹ́sì ló tẹ̀ lé e, ẹ kọ ọ́ pé pérépéré, nọ́ḿbà ilé, orúkọ títì, àjà kelòó, géètì wo. Ẹ má rò pé ó ti mọ̀ ọ́n torí ó ń wá sílé yín, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló mọ̀nà, ẹnu ẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó kà á sókè létí yín bíi pé ó ń bá ẹni tó wà lórí fóònù sọ̀rọ̀, kó sì fi fóònù tiẹ̀ ya fọ́tò bébà yẹn. Ẹ sọ fún un pé kó má já fóònù, kó fi sí sípíkà, torí wọ́n lè máa sọ ohun tó máa ṣe fún un títí tí wọ́n á fi dé. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ḿbà ẹ̀yin méjèèjì, ti ibi iṣẹ́, àti ti àgbàlagbà méjì tó lè sáré dé, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó kọ wọ́n síbẹ̀ o.

Ní ti àwọn ọmọ fúnra wọn, ẹ ya àyè sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ọjọ́ ìbí, àìsàn tó ní, oògùn tó ń lò, oúnjẹ tàbí oògùn tí ara ẹ̀ ò gbà, àti kìlò ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí kì í kọ kìlò, bẹ́ẹ̀ kìlò la fi ń ṣírò oògùn ọmọdé. Ẹ wo pẹrasitamọ́ọ̀lù olómi, 15mg la máa ń fún ọmọ fún kìlò kan, tí ọmọ ọdún 4 yín bá jẹ́ kìlò 16, 240mg nìyẹn. Ìgò kan wà tó jẹ́ 120mg ló wà nínú 5ml ẹ̀, òmíì wà tó jẹ́ 250mg, wọ́n sì lè jọra lójú. Nínú ti àkọ́kọ́ 10ml lọmọ á mu, nínú ìkejì kò tó 5ml, tí ọmọbìnrin yẹn bá wá wọn 10ml nínú ìkejì, ó ti fún un ju ìlọ́po méjì lọ. Torí náà, kẹ́ ẹ kàn kọ “fún un ní pẹrasitamọ́ọ̀lù” ò tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí apòògùn, ẹ kọ iye ml fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ mg tó wà lára ìgò, ẹ fi rọ́bà de síríǹjì tó bá ìgò yẹn wá mọ́ ọn, ṣíbí ìdáná kọ́ o. Ó kéré tán wákàtí 4 gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24, kó sì kọ aago tó fún un sílẹ̀, torí ẹ lè ti ibi iṣẹ́ dé kẹ́ ẹ tún fún un ní òmíì. Aspirin ńkọ́? Rárá, ọmọ tí ò tíì pé ọdún 16 kì í lò ó àfi tí dókítà bá ní kó lò ó.

Ínhélà ẹ̀gbọ́n àti spacer ẹ̀, ìyẹn ike tí wọ́n ń ki ínhélà bọ̀ kí oògùn lè wọlé dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í mọ́ wọ́dúróòbù. Ẹ kọ ibi tó wà, iye ìgbà tí dókítà ní kó fà á, àti àmì pé ó ti ń le: tó bá ń mí, awọ àárín egungun ìhà ẹ̀ á máa fà wọlé, kò ní lè parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ, ètè ẹ̀ lè máa yí àwọ̀ padà. Tó bá ti lò ó tí ò sí ìyàtọ̀, áńbúláǹsì ni. Kí ọmọbìnrin yẹn fọwọ́ ara ẹ̀ to ínhélà àti spacer pọ̀ níṣojú yín.

Ní ti àbúrò, ohun tó máa há a lọ́fun ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ọmọ oṣù 8, gbogbo nǹkan ló ń kó sẹ́nu. Tí nǹkan bá há a tí ò lè sunkún tí ò lè wúkọ́, kó dojú ẹ̀ délẹ̀ sórí apá, kí orí relẹ̀ ju ìdí lọ, kó fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ lù ú láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí ò bá jáde kó yí i pa dà, kó tẹ egungun àárín àyà ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó máa ṣe é léraléra, kó ti fi fóònù sí sípíkà tó ń pe pàjáwìrì. A kì í tẹ ikùn ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, a kì í sì í ti ìka bọ ọ̀fun tá ò bá rí nǹkan náà, torí a lè tì í wọlé sí i. Bébà ò lè kọ́ èèyàn ní èyí, ẹ fi ọmọlangidi kọ́ ọ, tàbí kẹ́ ẹ san owó fún un kó lọ gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, Red Cross máa ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n á kọ́ ọ ní CPR mọ́ ọn, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ò mí mọ́, tí wọ́n sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Tí ọmọ bá fẹ́ sùn, ẹ̀yìn ni kó fi lélẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí pílò níbẹ̀.

Ìyókù, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó. Iná tàbí omi gbígbóná: omi tútù tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20, kò sí òróró, kò sí ọṣẹ ìfọyín. Májèlé: má ṣe jẹ́ kó bì, gbé ike ẹ̀ dání. Bátìrì róbótó kékeré tí wọ́n gbé mì: ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gìrì: fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, má ti nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wo aago, torí wọ́n á bi ọ́ pé ìṣẹ́jú mélòó ló gbà.

Ẹ kọ lẹ́tà kékeré kan tẹ́ ẹ fọwọ́ sí pé ó lè gbé àwọn ọmọ lọ sí ọsibítù, kẹ́ ẹ sì bi ọsibítù yín bóyá wọ́n ní fọ́ọ̀mù tiwọn. Inú ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan ni kẹ́ ẹ lẹ bébà náà mọ́, kì í ṣe ibi tí gbogbo àlejò á ti máa ka ọjọ́ ìbí àti nọ́ḿbà yín. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀, nígbàkígbà tí wọ́n bá wọn àbúrò ní kílíníìkì ẹ ṣe tuntun, kẹ́ ẹ ya ti àtijọ́, kí ọmọbìnrin yẹn náà sì pa fọ́tò tó wà lórí fóònù ẹ̀ rẹ́ kó ya òmíì.