Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Akẹ́kọ̀ọ́ DO àti Residency Awọ Ara

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà ní ọdún kejì nílé ìwé ìṣègùn osteopathic ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gba oyè dókítà tó ń jẹ́ DO. Dókítà awọ ara ló wù mí láti ṣe, àmọ́ wọ́n ń sọ fún mi pé kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, pé àwọn tó ní oyè MD ti ilé ìwé ìṣègùn yòókù nìkan ni wọ́n ń gbà sí residency, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ dókítà lẹ́yìn oyè. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé COMLEX, ìdánwò àwa DO, nìkan sì tó?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọdọọdún ni DO ń wọlé. Ohun tó mú kó le ni pé àyè ò tó nǹkan, wọn ò sì ya àyè sọ́tọ̀ fún DO mọ́. Títí di oṣù kẹfà ọdún 2020, AOA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà osteopathic, ní residency awọ ara tirẹ̀ fún àwọn DO. Láti ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ ACGME, àjọ tó ń fọwọ́ sí residency, tí MD náà sì lè béèrè àyè níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ibi tó ti wà lábẹ́ AOA rí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí wọ́n mọ DO dáadáa.

Nípa ìdánwò, ẹ ṣe USMLE, ìdánwò tí àwọn MD ń ṣe. Ẹ ò lè fo COMLEX, torí Level 1 àti Level 2 rẹ̀ wà lára ohun tí ẹ máa fi gboyè. Ṣùgbọ́n àwọn residency kan wà tí wọn kì í ka fọ́ọ̀mù tí kò bá ní èsì USMLE rárá. Láti ọdún 2022, Step 1 ti USMLE àti Level 1 ti COMLEX ò ní máàkì mọ́. Bóyá èèyàn yege tàbí kò yege ni wọ́n ń kọ. Step 2 CK, ìpele kejì USMLE, nìkan ló wá kù tí wọ́n lè fi wọn DO àti MD pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe Step 1, kí ẹ wá fi bí ọ̀sẹ̀ kan ka OMM (ìtọ́jú tí àwọn DO ń fi ọwọ́ ṣe sí egungun àti iṣan) kí ẹ tó ṣe Level 1, torí USMLE kì í béèrè OMM. Bí ìdánwò ìdánrawò kò bá tíì fi hàn pé ẹ máa yege, ẹ sún ọjọ́ síwájú. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ̀ lé èsì rẹ̀ kiri. Ẹ ṣe Step 2 CK kí oṣù keje tó parí: èsì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ìparí oṣù kẹsàn-án sì ni fọ́ọ̀mù ERAS, ìkànnì tí a fi ń béèrè àyè residency, ń dé ọwọ́ àwọn tó ń yan èèyàn.

Ìbéèrè: Ilé ìwé wa ò ní ẹ̀ka awọ ara. Ta ló máa kọ lẹ́tà ẹ̀rí fún mi?

Ìdáhùn: Lójú tiwa, ìṣòro yìí tóbi ju ti orúkọ oyè lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀ka awọ ara wà nílé ìwé rẹ̀ lè máa bá àwọn dókítà ibẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ọdún kìíní. Ẹ̀yin ní láti lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà, nípa away rotation, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ọsibítù mìíràn, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹrin. VSLO, ìkànnì tí a fi ń béèrè rotation, ni ọ̀pọ̀ ibi ń lò. Àwọn mìíràn fẹ́ kí ẹ kọ ímeèlì sí akọ̀wé residency wọn ní tààràtà. Ìwé ló sábà máa ń dá èèyàn dúró: àdéhùn láàárín ilé ìwé yín àti ọsibítù náà lè gba oṣù mélòó kan, wọ́n á sì tún béèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ìwé ìbánigbófò. Láti oṣù kìíní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ.

Tí ẹ bá débẹ̀, bí ẹ ṣe ń ṣàpèjúwe ara aláìsàn ni wọ́n máa fi mọ̀ yín. Ẹ má kàn sọ pé ara rẹ̀ sú. Ẹ sọ ibi tó wà, bó ṣe fẹ̀ tó, bóyá ó yọ sókè tàbí ó tẹ́, bí etí rẹ̀ ṣe rí àti ohun tó bo orí rẹ̀: “Plaque (ibi tó yọ sókè tó sì tẹ́ lórí) ni, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ó wà ní ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì, etí rẹ̀ hàn kedere, ìpẹ́ funfun sì bò ó.” Lára aláwọ̀ dúdú, ibi tó wú kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n, ó lè dà bí àlùkò tàbí kó kàn ṣú sí i. Ẹ fọwọ́ kàn án.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ yẹ lápálápá wò, etí rẹ̀ tó ń gbòòrò ni kí ẹ ti ha ìpẹ́, kì í ṣe àárín. Ẹ kán KOH, oògùn tó ń mú ìpẹ́ rọ̀, ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún sí i, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan kó rọ̀, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ maikirosíkópù kù. Ìpẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ha láti àárín ló ń jẹ́ kí èèyàn sọ pé kò sí nǹkan níbi tí nǹkan wà.

Kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó parí, ẹ béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó rí iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀, bí kò tiẹ̀ jẹ́ òun ló lórúkọ jù níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ DO sọ pé gbogbo ibi tó wà lòun máa kọ̀wé sí. Èló ló máa ná wa?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú akitiyan. Lórí ERAS ní sáà àìpẹ́ yìí, dọ́là 11 ni ibì kọ̀ọ̀kan títí dé ọgbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di dọ́là 30. Ibi 28 jẹ́ dọ́là 308, ibi 60 jẹ́ dọ́là 1,230. Ìdí tí a fi mú 28 ni pé signal (àmì tí èèyàn ń fi sọ fún residency kan pé ó wu òun gan-an) mẹ́ta oníwúrà, tó ga jù, àti 25 onífàdákà ni wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ awọ ara. Ibi tí kò bá rí signal ọmọ yín ṣọ̀wọ́n láti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nítorí náà owó ibi tó bá kọjá 28 yóò ṣiṣẹ́ jù bí ẹ bá fi san ilé àti ọkọ̀ fún away rotation. Kó fi wúrà sí ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn tó bá ti ka ìlànà sáà náà lórí signal síbi tó ti ṣe rotation. Kó fi fàdákà sí ibi tí DO wà lára àwọn resident tí orúkọ wọn wà lórí ìkànnì wọn.

Ẹ bi í léèrè nípa ọdún àkọ́kọ́ pẹ̀lú. Ọdún mẹ́ta ni residency awọ ara, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú wọn ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì. Ó ní láti wá àyè preliminary tàbí transitional, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọdún kan ṣoṣo, lọ́tọ̀, pẹ̀lú owó fọ́ọ̀mù tirẹ̀, kó sì so àwọn ibẹ̀ mọ́ orúkọ residency awọ ara kọ̀ọ̀kan nínú NRMP, ètò tó ń pín èèyàn sí residency. Ẹni tí kò bá ṣe é lè rí awọ ara gbà kó má rí ibi tó máa lo ọdún àkọ́kọ́, kó wá máa sáré nínú SOAP, níbi tí wọ́n ti ń pín àyè tó ṣẹ́ kù.

Ìbéèrè: Mi ò rí àyè residency nígbà tí èsì NRMP jáde ní oṣù kẹta. Ṣé kí n fi ọdún kan ṣe ìwádìí?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, bí ọ̀gá tó ṣeé gbára lé bá wà. Kí ẹ tó gbà, ẹ bi í bóyá owó wà níbẹ̀, bóyá iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lè parí kí oṣù kẹsàn-án tó dé, àti bóyá ẹ máa wà ní kílíníìkì pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí àwọn DO tó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ bọ́ sí. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn tó wọlé, ẹ wá ibòmíì.