Fadá tó lọ kàwé nílé bàbá rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Tíṣà. Tàkíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo ti ń kọ̀wé. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ìjọ Àgùdà ni màmá mi ń lọ, ibẹ̀ ni èmi náà ti ṣèrìbọmi. Mo fẹ́ fi ìgbésí ayé Fadá Raimon Panikkar ṣe iṣẹ́ àṣejáde mi ní yunifásítì. Àwọn ìyá ìjọ ní kí n jáwọ́. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé Kristẹni lòun nígbà tóun kúrò ní Yúróòpù, pé òun rí i pé Híńdù lòun, òun sì padà sílé ní ẹlẹ́sìn Búdà. Ṣé ẹni tó kọ ìgbàgbọ́ sílẹ̀ ni lóòótọ́?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ìwé. Àwọn ìyá wa ò jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ tán ni. Ibi tó parí ọ̀rọ̀ náà sí ni pé òun ò fìgbà kan ṣíwọ́ jíjẹ́ Kristẹni.

Barcelona, ní ilẹ̀ Sípéènì, ni wọ́n bí i sí ní 1918. Híńdù láti Kerala, ní gúúsù Íńdíà, ni bàbá rẹ̀. Ọmọ Catalonia, ẹkùn tí Barcelona wà, ni ìyá rẹ̀, Àgùdà paraku. O rí i pé ọ̀rọ̀ ilé tìrẹ náà nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ìyá ló dúró sí, ó sì gboyè àlùfáà ní 1946. Ọdún yẹn náà ló di ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọgbọ́n orí. Ó tún gba ti kẹ́mísírì ní 1958, ó gba ti ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní Róòmù ní 1961.

Ìparí ọdún 1954 ló tó fojú rí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún 36. Ó jókòó ti ìwé Sanskrit, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ìwé mímọ́ àwọn Híńdù, ó gbé ní Varanasi létí odò Ganges, ó sì bá àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Àgùdà bíi Henri Le Saux àti Bede Griffiths ṣọ̀rẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti dúró pẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ nìyí. Ìwé àwọn Híńdù kan wà tí wọ́n ń pè ní Brahma Sutra, gbólóhùn inú rẹ̀ kúrú gan-an. Èkejì sọ nípa Brahman, ìpìlẹ̀ ohun gbogbo, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ayé yìí ti bẹ̀rẹ̀. Shankara, àgbà onímọ̀ tí wọ́n ní Kerala kan náà ló ti wá, ṣàlàyé pé òun ló mú ayé dúró, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ayé ń padà sí. Bẹ́ẹ̀ Shankara yìí náà ló ní Brahman kì í yí padà rárá. Báwo wá ni ayé tó ń yí lójoojúmọ́ ṣe ti ara rẹ̀ jáde? Ishvara, Olúwa, ni àwọn Híńdù fi dáhùn: òun ni ojú tí Brahman kọ sí ayé. Panikkar gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ́ Tọ́másì Mímọ́ ará Aquino, àgbà onímọ̀ ìjọ Àgùdà, ó ní àárín Ọlọ́run àti ayé tí Ishvara wà yẹn, Kristi ni àwa mọ̀ síbẹ̀. Kristi ti ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn Híńdù láìjẹ́ pé wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló jáde ní 1964 pẹ̀lú àkọlé The Unknown Christ of Hinduism. Ó tún un kọ ní 1981, ó sì ṣọ́ra gidi kó má dà bíi pé Kristẹni ló ni gbogbo òtítọ́ tó wà nílé onílé. Èmi fẹ́ràn ti ẹ̀ẹ̀kejì yẹn jù.

Ẹnìkan á ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹ̀sìn kan náà ni gbogbo wa ń sìn. Má kọ ìyẹn o. Panikkar ò sọ bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ló fẹ́ fi bí ọdún mẹ́wàá túmọ̀ Veda, ìwé mímọ́ àtijọ́ àwọn Híńdù, fún? Ìtumọ̀ náà, The Vedic Experience, tó jáde ní 1977, lé ní 900 ojú ewé. Ó máa ń dùn mí kí ẹni tí ò ṣí ẹyọ kan níbẹ̀ máa pè é ní aláàbọ̀ onígbàgbọ́.

Ní ti ìjọ, Ìpàdé Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà, ti sọ ọ́ ní 1965, nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Nostra Aetate, pé ìjọ ò kọ ohunkóhun tó jẹ́ òtítọ́ àti mímọ́ nínú àwọn ẹ̀sìn wọ̀nyí. Ó sì dárúkọ ẹ̀sìn Híńdù. Èyí tí o ò gbọdọ̀ fi pamọ́ ni pé nígbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Panikkar lọ fẹ́ ìyàwó ní kọ́ọ̀tù, bẹ́ẹ̀ àlùfáà ni. Ìyẹn dá wàhálà sílẹ̀, ó sì tọ́ kó dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ òfin àlùfáà nìyẹn, kì í ṣe ìwé Híńdù ló fà á. Ó kú ní 2010 ní Tavertet, abúlé orí òkè kan ní Catalonia. Wọ́n sin lára eérú rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n da ìyókù sí Ganges.

Ní agbo ilé wa níbí ní Ọ̀yọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń dìde kí àsùbáà ló ń jí mi kí n má bàa pẹ́ dé Míísà. Kò gba Míísà gbọ́ rárá. Kò sì jẹ́ kí n pẹ́ rí. Nítorí náà, má jáwọ́. Fi The Intrareligious Dialogue bẹ̀rẹ̀, ìwé kékeré ni. Àmọ́ kí o tó ṣí i, lọ bá bàbá rẹ, ní kí wọ́n ka Súrátù Maryam pẹ̀lú rẹ, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbà á gbọ́. Má bá wọn jiyàn. Kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.