Ọ̀pá tuntun, ọwọ́ àtijọ́: ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí áyọ́ọ̀nù gọ́ọ̀fù

Ohun kan náà ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó dé ọwọ́ wa: ẹ lọ wọn áyọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀pá gọ́ọ̀fù olórí irin, ẹ sanwó, ọ̀pá dé, bọ́ọ̀lù sì kọ̀, kò lọ síbi tí ẹ fẹ́. Ẹni tó wọn ọ̀pá fún yín wo bí ẹ ṣe rí lọ́jọ́ náà, bí télọ̀ ṣe ń wọn ènìyàn fún agbádá. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọwọ́ yín ti ń bá àléébù ọ̀pá àtijọ́ yí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pá fi yí padà, ọwọ́ kò lè yí padà lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀bi ọ̀pá àti èyí tó jẹ́ ẹ̀bi ọwọ́, kí ẹ tó ní kí ẹnikẹ́ni tún nǹkan kan ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀tún ni mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn áyọ́ọ̀nù fún mi, láti 5 títí dé pitching wedge, ọ̀pá tó wà lẹ́yìn 9, wọ́n sì fi ìdajì íǹṣì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, òsì ni bọ́ọ̀lù ń lọ ṣáá, pàápàá pẹ̀lú 8 àti 9. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ní kí n ní sùúrù. Ṣé kí n ní sùúrù ni, àbí kí n dá wọn padà? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá wọn padà, ẹ má sì kàn máa ní sùúrù lásán. Àyẹ̀wò kan wà tí kò gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ, òun ló máa sọ òtítọ́ fún yín.

Ohun tí a fura sí ni lie. Lie ni igun tó wà láàárín ṣáàfù (ara ọ̀pá tó gùn tóóró) àti ilẹ̀ nígbà tí ìdí orí ọ̀pá bá jókòó dáadáa. Lára áyọ́ọ̀nù 7 òde òní, ó sábà máa ń wà ní nǹkan bí dìgírì 62 sí 63. Bí ọ̀pá bá dúró lóòró jù fún yín, gìgísẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ìhà tó sún mọ́ ṣáàfù, ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ṣóńṣó rẹ̀, ìyẹn ìhà tó jìnnà sí ṣáàfù, á wà lókè, ojú ọ̀pá á sì kọ sí òsì fún ẹni tó ń fi ọ̀tún gbá. Bí ọ̀pá bá sùn jù, ṣóńṣó ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì fẹ́ máa lọ sí ọ̀tún. Bí loft, ìyẹn bí ojú ọ̀pá ṣe dagun sẹ́yìn, bá ṣe pọ̀ sí i ni àṣìṣe yìí ṣe ń hàn sí i. Loft 8 àti 9 pọ̀ ju ti 5 lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dà yín láàmú jù ú lọ. Ìdajì íǹṣì tí wọ́n fi kún gígùn náà ń mú ọ̀pá dúró lóòró sí i ní nǹkan bí dìgírì kan, àfi bí ẹni tó ṣe é bá ti tẹ̀ ẹ́ padà.

Ẹ wá máákà dúdú tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ̀wé sára páálí. Ẹ mú áyọ́ọ̀nù 8 àti bọ́ọ̀lù mẹ́fà. Ẹ fa ìlà kan tó nípọn sára bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá gbé e sílẹ̀ kí ìlà náà dúró lóòró, kí ó kọjú sí ojú ọ̀pá. Orí koríko ni kí ẹ ti gbá a, kì í ṣe orí ẹní rọ́bà. Bí ẹ bá ti gbá a tán, ẹ óò rí i tí ìlà dúdú náà ti tẹ̀ sójú ọ̀pá. Ẹ gbé e sókè síwájú yín, kí àwọn ìlà gbígbẹ́ ojú ọ̀pá wà ní ìbú. Bí ìlà dúdú bá dá wọn kọjá lóòró gan-an, lie bá yín mu. Bí orí ìlà bá tẹ̀ sí ìhà ṣóńṣó, ọ̀pá dúró lóòró jù. Bí ó bá tẹ̀ sí ìhà gìgísẹ̀, ọ̀pá sùn jù. Ẹ nu ojú ọ̀pá, kí ẹ gbá òmíràn. Ẹ má fi bọ́ọ̀lù kan ṣe ìdájọ́, ó kéré tán kí mẹ́rin nínú mẹ́fà fẹnu kò.

Ẹ tún wo ibi tí ìlà náà bọ́ sí. Bí ó bá sún mọ́ gìgísẹ̀, ìdúró yín ló fà á: ọ̀pá ti gùn sí i, ẹ sì ṣì ń dúró síbi tí ẹ ń dúró sí pẹ̀lú ti àtijọ́. Ẹ sún ẹ̀yìn ní ìbú àtàǹpàkò kan. Ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀ láti èjìká, kí àyè tó wà láàárín ìdí gíríìpù (ibi tí ẹ ń di ọ̀pá mú) àti itan yín gba ọwọ́ kan. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe di gíríìpù mú nísàlẹ̀ láti fi gé ọ̀pá náà kúrú. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ba gígùn tí wọ́n sanwó fún jẹ́, ìwúwo orí ọ̀pá náà kò sì ní jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ wọn.

Koríko tí ọ̀pá gé náà ń jẹ́rìí. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn ní ìhà tó sún mọ́ yín ju ìhà kejì lọ, gìgísẹ̀ ló ń walẹ̀, ìyẹn sì bá ìlà tó tẹ̀ sí ṣóńṣó mu. Bí ìhà tó jìnnà sí yín ló jìn jù, ṣóńṣó ló ń walẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀pá ló dúró lóòró jù, ẹ ya fọ́tò ìlà dúdú tó wà lójú ọ̀pá, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ẹ ní kí ó tẹ̀ ẹ́ ní dìgírì kan, kí ẹ tún ìdánwò ìlà náà ṣe níwájú rẹ̀ kí ó tó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ bèèrè irú irin tí orí ọ̀pá yín jẹ́. Èyí tí wọ́n rọ bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ irin máa ń rọ̀, ó ń gba títẹ̀. Èyí tí wọ́n yọ́ dà, pàápàá irin tí kì í dógùn-ún tó le bíi 17-4, kì í fẹ́ tẹ̀: bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kọjá dìgírì 2, ọrùn rẹ̀ lè kán.

Bí ìlà bá wá dúró lóòró gan-an, tí bọ́ọ̀lù sì ṣì ń lọ sí òsì, ọ̀pá kò jẹ̀bi. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá àtijọ́ ti sùn jù fún yín, kí ọwọ́ yín sì ti kọ́ bí yóò ṣe máa tètè yí padà kí bọ́ọ̀lù má baà lọ sí ọ̀tún. Ọ̀pá tuntun kò nílò ìrànlọ́wọ́ yẹn mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù 9: bọ́ọ̀lù 20, kí ọwọ́ má ga ju ìbàdí lọ nígbà tí ẹ bá fà á sẹ́yìn àti nígbà tí ẹ bá parí. Lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù 20 kí ọwọ́ ga dé èjìká. Kí ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má fọwọ́ kan 5 títí 9 àti 7 yóò fi máa lọ tààrà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ẹ sì gbé ọ̀pá àtijọ́ kúrò nínú àpò pátápátá, ẹni tó bá ń gbá méjèèjì pọ̀ kò ní mọ ọ̀kankan.

Ìbéèrè: Áyọ́ọ̀nù 7 mi tuntun ń lọ ní yáàdì 15 ju ti àtijọ́ lọ. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ní báyìí n kò ní ọ̀pá fún àárín yáàdì 85 sí 120. Kí ló ṣẹlẹ̀? (Ìkòyí, Èkó)

Ìdáhùn: Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sídìí rẹ̀ ló tàn yín. Áyọ́ọ̀nù 7 àtijọ́ sábà máa ń ní loft dìgírì 34 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ tuntun ń lọ sí 29 tàbí 28. Ohun tí ẹ ń pè ní 7 báyìí jọ 6 tàbí 5 ti tẹ́lẹ̀. Pitching wedge náà ti sọ̀kalẹ̀ sí 43 tàbí 44, bẹ́ẹ̀ sand wedge, ọ̀pá tí ẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù kúrò nínú yanrìn, ṣì wà ní 56. Nǹkan bí dìgírì 4 ló yẹ kó wà láàárín ọ̀pá kan àti èkejì, èyí tó ń mú nǹkan bí yáàdì 10 sí 12 wá. Dìgírì 12 tàbí 13 ló wà láàárín tiyín, àlàfo tí ẹ rí nìyẹn.

Ẹ ra wedge dìgírì 48 àti 52. Bí owó kò bá tó, ẹ ra 50 ṣoṣo. Ẹ rántí pé ọ̀pá 14 ni òfin gbà nínú àpò: áyọ́ọ̀nù gígùn tí ẹ kì í gbá dáadáa ni kó yọ̀ǹda àyè.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi títẹ̀ loft gbogbo ọ̀pá yanjú èyí. Dìgírì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún loft ń fi dìgírì kan kún bounce, ìyẹn bí ìdí orí ọ̀pá ṣe yọ sísàlẹ̀ ju etí iwájú rẹ̀ lọ. Nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ bá le bí àpáta, ìdí yẹn á ta lára ilẹ̀, etí iwájú á sì gbá bọ́ọ̀lù láàárín ikùn. Bí wọ́n bá sì dín loft kù, bounce á dín kù pẹ̀lú, ọ̀pá á wá máa walẹ̀ nígbà òjò tí ilẹ̀ bá rọ̀.

Kí ẹ tó rà nǹkan kan, ẹ wọn ibi tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ń dé. Bọ́ọ̀lù mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ yọ méjì tó lọ jìnnà jù àti méjì tó burú jù, kí ẹ wá ìpíndọ́gba mẹ́fà tó kù. Ibi tí bọ́ọ̀lù ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ibi tó yí dé. Bọ́ọ̀lù tí ẹ ń lò lórí pápá ni kí ẹ fi ṣe é, nítorí bọ́ọ̀lù range, ìyẹn ti ibi ìdánrawò, kì í sábà lọ tó o.

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. London ni mo wà, mo sì ti lé ní ọdún 55. Ní oṣù Kejìlá wọ́n wọ̀n mí nínú ilé, wọ́n ní kí n kúrò lórí ṣáàfù irin, kí n lo graphite tó fúyẹ́ ju irin lọ. Ó dára níbẹ̀. Lórí pápá, ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ni mo ń gbá.

Ìdáhùn: Ẹní rọ́bà inú ilé ló fi àṣìṣe yín pa mọ́. Bí ọ̀pá bá bọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, ńṣe ló ń yọ̀ dé ìdí bọ́ọ̀lù. Lórí koríko tútù, ó ń walẹ̀. Ṣáàfù irin lè wúwo tó gíráàmù 120, graphite yín lè máa ju 70 lọ díẹ̀. Ọwọ́ tó ti mọ ẹrù wíwúwo á já ọ̀pá fúyẹ́ sílẹ̀ kíákíá láti òkè, kí ara tó yí dé ẹsẹ̀ iwájú.

Ẹ fi pọ́dà fa ìlà funfun kan sórí koríko. Ẹ dúró kí ìlà náà bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ yín, kí ẹ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìsí bọ́ọ̀lù. Orí ìlà tàbí iwájú rẹ̀ ló yẹ kí gígé ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìlà, ara yín ṣì wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi 9 gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá: ẹ ka “ọ̀kan” nígbà tí ọ̀pá bá dé òkè, “èjì” nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá yára á ṣubú.

Ẹ má fi yáàdì oṣù Kejìlá dá ọ̀pá lẹ́jọ́ o. Bọ́ọ̀lù tútù kì í ta dáadáa, kóòtù nípọn náà kì í jẹ́ kí èjìká yí tán. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá dé, tí bọ́ọ̀lù ṣì ń fò nílẹ̀, tó ń lọ sí ọ̀tún láìlágbára, ṣáàfù lè le jù fún yín. Ẹ ní kí wọ́n fi èyí tó rọ̀ jù ú lọ sí áyọ́ọ̀nù 7 nìkan, kí ẹ dán an wò kí ẹ tó pààrọ̀ ìyókù.

Ìbéèrè: Mo ra áyọ́ọ̀nù Ping tòkunbọ̀. Àmì róbótó aláwọ̀ ewé wà lẹ́yìn orí wọn. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? (Ìkẹjà)

Ìdáhùn: Lie ni. Karsten Solheim tó dá Ping sílẹ̀ ló gbé ètò àwọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Dúdú ni ti gbogbo ènìyàn; ewé dúró lóòró ju dúdú lọ, pupa sùn jù ú lọ. Ẹlòmíràn, ó ṣeé ṣe kó ga jù yín lọ, ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Nọ́ńbà tó wà lára ọrùn ọ̀pá náà ni iléeṣẹ́ náà lè fi sọ bí wọ́n ṣe ṣe é látilẹ̀. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lè ti tẹ̀ ẹ́ tàbí gé e, nítorí náà ẹ ṣe ìdánwò ìlà máákà tó wà lókè yìí kí ẹ tó gba àwọ̀ gbọ́. Gíríìpù tòkunbọ̀ tó bá ti le, tó ń dán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá dì í mú, kí orí ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e ní ọwọ́ òkè kan àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀, kí wọ́n má gún un. Kí ẹ má sì fi àpò ọ̀pá sílẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀ lóòrùn ọ̀sán, ooru ń pa rọ́bà.

Ìbéèrè: Orí áyọ́ọ̀nù mi tuntun fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé mo lè lẹ òjé mọ́ ọn láàárín ìdíje?

Ìdáhùn: Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú téèpù òjé gíráàmù 2 lẹ́yìn orí ọ̀pá, láàárín gbùngbùn, ẹ má kọjá gíráàmù 6 kí ẹ tó fi han ẹni tó wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ti gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ẹ kò gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́, ẹ kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí ẹ sì fi ọ̀pá náà gbá bọ́ọ̀lù, Òfin 4.1 máa lé yín kúrò nínú ìdíje náà.