Ẹ Bi Wá Léèrè: Pín, há àti bù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní Kétu kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé «a ó pín àpò àgbàdo 6 pẹ̀lú ọmọ ẹgbẹ́ 24». Bàbá àgbà kan ní kò dùn létí, pé «há» ni kó kọ. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Etí bàbá ò tàn wọ́n jẹ, àmọ́ «pín» kọ́ ló ṣẹ̀, «pẹ̀lú» ni. Èdè Faransé ló ń sọ ọ́ báyẹn. Létí Yorùbá, ó jọ pé àgbàdo àti ọmọ ẹgbẹ́ ni ẹ fẹ́ jọ pín! «A ó pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ 24» ló tọ́. Bí akọ̀wé bá wà lára àwọn 24 náà, kó kọ «a ó pín in láàárín ara wa», torí «fún» lè mú kó dà bíi pé ẹni tó ń pín ò ní í gbà.

Iye gan-an ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ká ní àpò kan gba agolo 100, agolo 600 ló wà nílẹ̀. «Ẹ pín in sí 24»: òkìtì 24 ni. «Ẹ pín in ní agolo 25-25»: ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ẹni tó bá wá kọ «ẹ pín agolo 25 fún wọn», tí kò pe iye náà lẹ́ẹ̀mejì, agolo 25 péré ló ní kí gbogbo wọn jọ gbà.

Ní ti «há», ọwọ́ dé ọwọ́ ni. Ẹni tó ń há ẹran níbi ìnáwó gbé abọ́ dání, ó ń gba àárín èrò kọjá. Kò ka orí ẹnikẹ́ni, ẹran sì lè tán kó tó kan ẹni ìkẹyìn. A máa ń há àkàrà. A kì í há ilẹ̀. «Bù» ní tiẹ̀ ń mú díẹ̀ nínú púpọ̀, ìyókù ṣì wà nísàlẹ̀ ìkòkò.

Ẹ ṣọ́ àmì ohùn o. «Ọ̀nà pín níbí»: ẹ yan apá kan. «Ọ̀nà pin níbí»: ẹ padà sẹ́yìn.

Ìbéèrè: Láti Sábẹ̀ẹ́. Kí ni wọ́n ń pè ní «ìdí igi» àti «orí ò jorí» tí wọ́n bá ń pín ogún?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká mú baálé kan tó fi hẹ́kítà 12 sílẹ̀. Ìyáálé bí ọmọ 4, ìyàwó kékeré bí 2. Nínú ìdí igi, ìyá kọ̀ọ̀kan ni ìdí kan, nítorí náà hẹ́kítà 6-6 ni. Àwọn ọmọ ìyáálé á gba hẹ́kítà kan àti ààbọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ìyàwó kékeré á gba 3-3. Orí ò jorí kì í wo ìyá: 2-2 ni fún ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ lè rí i pé ọmọ ìyáálé kì í sábà dárúkọ ìdí igi.

Àṣà nìyẹn. Òfin ẹbí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 2004 kò fún àṣà ní agbára òfin mọ́, torí náà ẹ kọ́kọ́ dé ilé ẹjọ́ kí ẹ tó na okùn sórí ilẹ̀.