Ṣé a lè lé àwọn tí kò nílé kúrò ní mọ́sálásí nítorí àjàkálẹ̀ àrùn?

Ìbéèrè: Àsàláàmù aléékún, ààfáà wa. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ mọ́sálásí kan ní Agége. Àwọn kan ti ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí wa láti bí ọdún méjì: alábàárù méje, àti ìyá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta tí wọ́n wó ilé mọ́ lórí. Onígbáméjì ti wá wọ àdúgbò wa báyìí, àwọn èèyàn yìí sì máa ń yàgbẹ́ sínú gọ́tà lóru, nítorí pé a máa ń ti ilé ìgbẹ́ pa lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ìgbìmọ̀ ti lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí wọ́n kó ẹrù wọn kí ó tó di ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Àdíìsì ẹni tó jẹ áyù ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. Kí ni ẹ̀sìn sọ?

Ìdáhùn: Wa aléékúmù sàláàmù wa ràhmátúláhì. Ẹ kọ́kọ́ lọ já ìwé yẹn kúrò lára ògiri, kí ẹ tó wá ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi.

Àdíìsì áyù, òótọ́ ni, ó wà nínú àkójọ Bukhari. Àmọ́ wọn kò kà á dé ìparí fún yín. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ẹni tó bá jẹ áyù tàbí àlùbọ́sà yàgò fún mọ́sálásí wa, kí ó jókòó sí ilé rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: sí ilé rẹ̀. Ẹni tó ní ibi tí yóò padà sí ni Ànábì ń bá wí. Ẹ lè fi àdíìsì yìí sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò dá pé kí ó má wá sí sáfù, ìyẹn ìlà ìrun. Ẹ kò lè fi gba òrùlé lórí ẹni tí kò ní òmíràn.

Àdíìsì kejì wà tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí sàhábé Abdur-Rahman ọmọ Awf sọ fún Umar, olórí àwọn Mùsùlùmí nígbà náà, lójú ọ̀nà Ṣáámù (agbègbè Síríà): bí ẹ bá gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà ní ìlú kan, ẹ má wọ ibẹ̀, bí ó bá sì bá yín ní ìlú tí ẹ wà, ẹ má sá jáde kúrò níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sá la máa ń fi wáàsí yìí bá wí. Ẹni tí wọ́n lé jáde ńkọ́? Lójú tèmi, ẹni tó lé e ni ẹ̀ṣẹ̀ ìjáde yẹn wà lọ́rùn rẹ̀. A rí i ní ọdún 2020. Láti òru ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé nítorí kòrónà. Ní oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya ń kó àwọn ọmọ àlùmájírì sínú ọkọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn tó ti Kánò dé Kàdúná wò, wọ́n bá àrùn náà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ náà kò wọ ọkọ̀ fúnra wọn. Ọmọ kéú ni wọ́n, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Onígbáméjì tiẹ̀ tún yàtọ̀ sí kòrónà. Omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ bá kàn ló ń gbé e rìn. Sísùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹni kọ́ ló ń fà á. Bí àwọn mọ́kànlá yẹn bá kúrò lọ́dọ̀ yín, abẹ́ afárá ni wọn yóò lọ, níbi tí kò sí ẹ̀rọ omi, tí kò sí ilé ìgbẹ́, àrùn yóò sì padà wá bá yín láti ibẹ̀. Ẹ ní wọ́n ń yàgbẹ́ sí gọ́tà. Ta ló ti ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ pa? Ẹ ṣí i mọ́jú, ẹ gbé ọṣẹ síbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa bu omi àlùwàlá mu bí ó bá jẹ́ omi tó mọ́. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ sè é. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú, ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru yẹn kan náà.

Ní ti ẹni tó ní mọ́sálásí kì í ṣe ilé ibùsùn, kí ó rántí mọ́sálásí Mẹ̀dínà. Lẹ́yìn tí wọ́n yí kíbúlà sí Mẹ́kà, apá ẹ̀yìn rẹ̀ tí òrùlé wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Súfà. Ibẹ̀ ni àwọn sàhábé tí kò nílé, tí kò lówó, ń sùn. Abu Huraira wà nínú wọn. Òun ló sọ pé àlejò Ìsìláámù ni wọ́n: bí sàárà bá dé ọwọ́ Ànábì, òun kì í jẹ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́ sí wọn, bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn, á pè wọ́n, wọn á jọ jẹ ẹ́. Aisha sọ̀rọ̀ obìnrin dúdú kan tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú, tó ní àgọ́ kékeré tirẹ̀ nínú mọ́sálásí náà. Nígbà tí wọ́n ṣe sàhábé Sa'd ọmọ Mu'adh léṣe ní Ogun Yàrà, Ànábì pàgọ́ fún un nínú mọ́sálásí kí ó lè máa bẹ̀ ẹ́ wò nítòsí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣàn débi àgọ́ àwọn ará ẹ̀yà Ghifar tó wà nínú mọ́sálásí kan náà, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Wọn kò torí ìyẹn gbé e síta. Àgọ́ yẹn ló kú sí. Imáàmù Malik, tí àwa nílẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, kórìíra kí ẹni tó nílé máa sun mọ́sálásí, ṣùgbọ́n ó fàyè gba ẹni tí kò nílé.

Ẹ má sì rò pé àánú lásán lẹ ń ṣe. Kùráánì Alápọ̀nlé (51:19) pè é ní ẹ̀tọ́: ẹ̀tọ́ wà nínú dúkìá àwọn olùbẹ̀rù Ọlọ́hun fún ẹni tó ń tọrọ àti ẹni tí wọ́n fi dù. Ibn Hazm, onímọ̀ Andalúsíà, to ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀: oúnjẹ, aṣọ, àti ilé tí yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ òjò, oòrùn, àti ojú àwọn tó ń kọjá. Ojú àwọn tó ń kọjá! Ẹ wo ìyá yẹn, tó ń paṣọ dà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Àwọn alábàárù lè wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí kí ẹ ṣí kíláàsì ilé-kéú fún wọn lálẹ́. Ìyá àti ọmọ mẹ́ta nílò yàrá tó ní ìlẹ̀kùn. Ẹ lè fi owó sàká gba yàrá fún un, aláìní ló jẹ́. Ànábì máa ń pín àwọn ará Súfà fún àwọn onílé ni: ẹni tó bá ní oúnjẹ ẹni méjì, kí ó mú ẹnì kẹta lọ. Abu Bakr mú mẹ́ta, Ànábì fúnra rẹ̀ mú mẹ́wàá. Ẹ dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ jámọ́à bóyá ẹnì kan ní yàrá. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì dáhùn, ẹ pè mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé-kéú wa tí a ń kó wàláà sí. A ó kó wàláà jáde.