Router kọ clock rate: ṣé òun ló fa "line protocol is down"?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi okùn V.35 (irú okùn serial kan) so kọ̀ǹpútà tó ní káàdì serial mọ́ router Cisco. Mo yan clock (àmì tó ń sọ iyára bíìtì) 64000 lórí kọ̀ǹpútà, ó gbà á. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ clock rate 64000 sórí router, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní ti DCE nìkan ni. Ohun tí mò ń rí báyìí ni "Serial0/0 is up, line protocol is down". Kí ni kí n yí?

Ìdáhùn: Router ò ṣìṣe. Lórí ìlà synchronous, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń fúnni ní clock, ìyẹn DCE. DTE, ìyẹn ẹgbẹ́ kejì, kàn ń tẹ̀lé e ni. Okùn ló ń pinnu ẹni tó jẹ́ DCE. Ẹ wo orí rẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Asynchronous la ti ń kọ iyára kan náà sí ìhà méjèèjì, nítorí pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí. Níbí kò sí ìyẹn rárá: bí clock bá ṣe ń lù la ṣe ń ka bíìtì. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá wá ń lu tiwọn, bíìtì á máa sọnù, CRC error (àṣìṣe tí àyẹ̀wò dátà ń fi hàn) á sì máa pọ̀.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ tẹ show controllers serial 0/0. Bí ẹ bá rí "DTE V.35 TX and RX clocks detected", clock ń wọlé dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀.

Encapsulation, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń di dátà sínú fréèmù, ni mo fura sí. "Up" yẹn ń sọ pé àmì inú okùn pé. Ohun tó kù ni pé router ò gbọ́ keepalive (àmì pé ẹgbẹ́ kejì ṣì wà) tó ń retí lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 10 kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni ò bá yan nǹkan mìíràn, irú encapsulation tí wọ́n ń pè ní HDLC ni Cisco ń lò, ó sì ti fi nǹkan tirẹ̀ kún un tí kò sí nínú ti ISO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà fún gbogbo ayé. Nítorí náà, káàdì yín lè wà lórí HDLC, kí òun àti router má sì gbọ́ra wọn yé. Ẹ tẹ encapsulation ppp sórí router, kí ẹ yan PPP, irú mìíràn, lórí káàdì náà.

Ẹ wo CRC pẹ̀lú: ti bíìtì 16 ni router ń lò. Bí káàdì bá wà lórí 32, gbogbo fréèmù ló máa dà bí èyí tó bàjẹ́. NRZ tàbí NRZI, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń gbé bíìtì sórí okùn, náà gbọ́dọ̀ bára mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré lọ yí window (iye fréèmù tí a lè fi ránṣẹ́ kí ìdáhùn tó dé). Ọ̀rọ̀ LAPB àti X.25, àwọn protocol mìíràn, nìyẹn.

Bí ẹ bá ti yí wọn tán, ẹ tẹ clear counters, ẹ jẹ́ kí dátà lọ díẹ̀, kí ẹ wá wo show interfaces. Bí CRC bá ṣì ń pọ̀, okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.