Kí ló dé táwọn ará Íńdíà fi ń da òróró sórí òkúta dúdú lọ́jọ́ Sátidé?

Ẹ ní ẹ rí fídíò táwọn Híńdù ti tò lọ rẹrẹẹrẹ, tí wọ́n ń da òróró sórí òkúta, ẹ wá ń béèrè bóyá ibi ni wọ́n ń lé. Rárá o, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Òrìṣà Shani ni wọ́n ń bẹ̀, òun ló ni pílánẹ́ẹ̀tì Saturn, ọmọ Surya tó jẹ́ oòrùn ni, Sátidé sì lọjọ́ ẹ̀.

Nǹkan mẹ́sàn-án ni wọ́n gbà pé ó ń ti òkè darí ayé ẹ̀dá, oòrùn àtòṣùpá wà níbẹ̀, Rahu àti Ketu tójú ò lè rí náà wà níbẹ̀, àmọ́ Shani ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Adájọ́ ni wọ́n kà á sí, ohun téèyàn bá ṣe ló ń san fún un, ó kàn jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yá rárá ni. Saturn máa ń lò tó ọdún 29 àtààbọ̀ kó tó yí oòrùn po, wọ́n sì pín ojú ọ̀run sí ilé 12, tó fi jẹ́ pé á lo bí ọdún méjì àtààbọ̀ nínú ilé kan. Ilé tí òṣùpá wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín, èyí tó ṣáájú ẹ̀ àtèyí tó tẹ̀ lé e, tó bá ń gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, ọdún méje àtààbọ̀ nìyẹn, Sade Sati ni wọ́n ń pè é. Tíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lásìkò yẹn, ẹ ti mọ ẹni tí wọ́n máa dárúkọ.

Ètùtù ẹ̀ ni òróró yànmọ̀tí tàbí ti mustard, yànmọ̀tí dúdú, aṣọ dúdú àti irin. Wọ́n á fi díẹ̀ bọ ọ́, wọ́n á kó ìyókù fún tálákà, lójú tèmi ibi ìtọrẹ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní Delhi, tó bá di Sátidé, ẹ máa rí àwọn tó ń gbé ère Shani sínú ike òróró kiri níbi tráfíkì, kẹ́ ẹ ju kọ́ìnì sí i.

Ó jọ pé Shani Shingnapur ní ìpínlẹ̀ Maharashtra ni fídíò yín, ìta gbangba lòkúta tó dúró fún Shani wà, kò lórùlé, wọ́n sì mọ abúlé yẹn mọ́ ilé tí kò nílẹ̀kùn torí wọ́n ní Shani á fìyà jẹ olè. Ọdún 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kóbìnrin gun orí pèpéle ẹ̀, ẹjọ́ ti dé kóòtù kí wọ́n tó gbà o. Lápá gúúsù, tẹ́ńpìlì tó wà ní Thirunallar ni wọ́n ń lọ, wọ́n á wẹ̀ nínú adágún omi tí wọ́n ní ọba Nala inú ìtàn ti rí ìdáǹdè lọ́wọ́ Shani.

Ẹlòmíì á gba ọ̀dọ̀ Hanuman, òrìṣà tó rí bí ọ̀bọ, lọ, torí wọ́n ní òun ló tú Shani sílẹ̀ lákàtà Ravana, ọba ẹ̀mí èṣù inú ìtàn wọn, Shani wá ṣèlérí pé òun ò ní da àwọn tó ń sin Hanuman láàmú. Owó gidi wá wà nínú òrùka tó ní sáfáyà búlúù, òkúta iyebíye tí wọ́n ń wọ̀ torí Shani, ìyẹn ò sì rọrùn, àwọn awòràwọ̀ fúnra wọn máa ń ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò fún ọjọ́ mélòó kan, tí àlá burúkú tàbí wàhálà bá ń dé, ẹ yáa dá a padà fún ẹni tó tà á.